Òdòdó Tí Irmtraud Kò Lọ Gbé

Irmtraud kò tí ì pé ogún ọdún nígbà tó fẹ́ Ewald Böttner, ọmọ abúlé kejì. Láti ilé ìyá rẹ̀ dé ilé ọkọ kò ju ìrìn ogójì ìṣẹ́jú lọ: ẹ gun òkè kan, ẹ la igbó kan kọjá, ẹ ti dé. Ohun kan ṣoṣo tó tọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni díẹ̀ nínú òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó kún ẹ̀yìnkùlé wọn, èyí tí kì í dúró kí òtútù lọ kó tó yọrí láàárín yìnyín, tí ewé yí i lọ́rùn ká bíi kọ́là ẹ̀wù.

"Kì í ṣe nísinsìnyí," ni ìyá rẹ̀ wí, torí ìgbà ìkórè ni wọ́n ṣègbéyàwó. "Bí o bá hú u nígbà tó ń sùn, gbígbẹ ló máa gbẹ. Wá ní oṣù kẹta, nígbà tí ewé tútù ṣì wà lórí rẹ̀. Mo ti ya tìẹ sọ́tọ̀."

Oṣù kẹta dé. Ewald ń kan òrùlé ilé màlúù, àwọn ọ̀dùnkún ń dúró de gbígbìn. Irmtraud ní kó di àmọ́dún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ogójì ìṣẹ́jú àlọ, ogójì àbọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún kọfí. Kò pé wákàtí méjì.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba tó wà lápá abúlé ìyá rẹ̀ ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún la igbó náà já, nítorí inú igbó yẹn ni ààlà ilẹ̀ méjèèjì gbà. Kò pẹ́, wọ́n kó gbogbo ará abúlé ìyá rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ìlú tó jìnnà, wọ́n sì wó àwọn ilé kí ojú àwọn sójà lè ríran dáadáa. Ìyá náà lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó kú. Wọ́n ti sin ín fún ọ̀sẹ̀ méjì kí lẹ́tà tó dé.

Láti ìgbà náà, gbogbo oṣù kejì ni Irmtraud ń gun òkè, tó ń fi awò tí Ewald fi ń ṣọdẹ wo ọ̀hún. Ilé ò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè tẹ́ sílẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

Bó bá padà, Ewald á fi orúkọ àpèkúrú rẹ̀ pè é, á béèrè pé, "Traudel, ṣé ó ti yọ?"

"Ó ti yọ."

"Kò ní kí o kí mi?"

"Ó ní kí o lọ tún òrùlé rẹ kàn."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ewald ra gbòǹgbò òdòdó náà nílé onírúgbìn, wọ́n gbẹ bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ọ̀kan ò hù. Nígbà kẹta ó sú u. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ bẹ sójà?"

"Mi ò ní kí o ṣe nǹkan kan," ni Irmtraud wí. "Èmi ni mo ní kó di àmọ́dún."

Àmọ́dún yẹn di ọdún méjìdínlógójì. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ààlà, tí oṣù kẹta sì tún dé, àwọn méjèèjì mú garawa àti ṣọ́bìrì, wọ́n gba ojú wáyà tí wọ́n ti gé wọlé. Ọkùnrin kan tó ti ṣe sójà níbẹ̀ rí wọn, ó sì ní òun á mú wọn débẹ̀.

"Màmá, ẹ tẹ̀ lé mi lẹ́yìn o! Wọ́n ní àwọn ti kó bọ́ǹbù inú ilẹ̀ tán, àmọ́ èmi ò ní fi ẹsẹ̀ ara mi wádìí ọ̀rọ̀ ìjọba."

"Ẹsẹ̀ tèmi ńkọ́?" ni Ewald bi í.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ti ń tiro tẹ́lẹ̀. Ibi òdòdó yẹn ò léwu, ibẹ̀ la ti máa ń jókòó jẹ búrẹ́dì."

Irmtraud béèrè bí òdòdó ṣe yè, nítorí ó mọ̀ pé wọ́n máa ń fọ́n oògùn apakóríko síbẹ̀.

"Oṣù karùn-ún la máa ń fọ́n ọn," ni ọkùnrin náà wí. "Ká tó dé, ó ti so, ó ti rọ, ó ti padà sùn sábẹ́ ilẹ̀. Ó gbọ́n jù wá lọ."

Òdòdó náà ti kúrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó ti wọ ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Irmtraud fi ṣọ́bìrì kan nǹkan líle: táìlì ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti funfun, ti ilé ìdáná. Ó hú òdòdó pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀ títí garawa fi kún. Ohun tó ń wá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó wá jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Traudel, jẹ́ ká máa lọ. Ilẹ̀ ti tutù jù, gbòǹgbò yẹn á sì fẹ́ kí a tètè gbìn ín."

"O ò rí i pé mo jókòó nílé ìdáná màmá mi? Kò sẹ́ni tó máa gbé kọfí wá, mo mọ̀. Jẹ́ n jókòó náà."

Ewald, tí kì í fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò, wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ó bọ́ kóòtù, ó tẹ́ ẹ sórí táìlì náà, ó ní kí ìyàwó òun sún síbẹ̀, òun náà sì jókòó tì í.