Ìyànà Tí Kò Yà Síbì Kankan

Iṣu ni mo ń tà lẹ́bàá títì Òkè-Oyì nígbà náà, kí orúnkún mi tó ní ó tó. Àwa obìnrin mélòó kan la jọ wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣe títì ló fi ilẹ̀ gbalasa sílẹ̀ létí ọ̀nà. Ọkọ̀ á yà síbẹ̀, dírẹ́bà á bu omi sí ẹ́ńjìnì, èrò á kírun, wọ́n á sì ra iṣu. Torí pé ọkọ̀ ń yà síbẹ̀, Ìyànà la ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin méjì tí ìjọba rán dé, wọ́n tẹ́ máàpù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ tún títì ṣe, àwọn sì ń sàmì sí gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè yà dúró sí. Ibi tó bá ní àmì, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ibi tí kò bá ní, gọ́tà ló máa gba ibẹ̀ kọjá.

“Ẹ̀yin ìyá, kí lẹ ń pe ibí?”

“Ìyànà!” Gbogbo wa pariwo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Inú wa dùn pé a wọ máàpù. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n ra iṣu, wọ́n lọ.

Kò pẹ́ ni kàtàpílà dé. Mo lọ bá ọ̀gá wọn.

“Ọ̀gá, wọ́n ti sàmì síbí o.”

Ó wo ìwé. “Màmá, Ìyànà ni wọ́n kọ síbí, oríta nìyẹn. Ọkọ̀ kì í dúró sí oríta.” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, igbó ni. “Ọ̀nà tó yà ọ̀hún dà?”

“Ọkọ̀ ló ń yà. Ọ̀nà ò yà.”

Ìyá tó dàgbà jù láàrin wa ò tiẹ̀ dìde. “Bóyá ọ̀nà lọ kírun ni. Ẹ dúró dè é.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí. “Wàláhì, ẹ má bínú, màmá. Ohun tó wà nínú ìwé ni mò ń ṣe. Àfi kí ẹ lọ bá àwọn tó kọ ọ́.”

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì wọn nígboro, lẹ́yìn Post Office. Wọ́n ní ẹni tó ni máàpù ti jáde lọ síbi iṣẹ́ títì. Mo tún padà lọ, wọ́n ní kò tíì dé. Nígbà tí mo fi máa délé, wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà ọ̀hún.

Dírẹ́bà tó mọ̀ wá á fọn fèrè, á juwọ́, á sì kọjá. Kò ríbi yà sí. Bí mo ṣe kó iṣu mi wọ inú ìlú Òkè-Oyì nìyẹn, níbi tí ẹni tó ń tà á pọ̀ ju ẹni tó ń rà á lọ.