Èèrà Inú Ìdérí Agolo

Ìyá ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní nìyẹn. Ká ní ìkà ni wọ́n, ǹ bá rí ẹni bínú sí.

Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti wá bá wa n'Ísọlọ̀ nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, obìnrin. Wọ́n ń wẹ ọmọ fún mi, wọ́n ń nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà mọ ọmú fà bí ẹni pé wọ́n kọ́ ọ wá láti ọ̀run. Bó bá ń mu ún lọ́wọ́, ojú mi ló máa ń wò, kì í ṣẹ́jú.

Kò pẹ́ tí ọmú mi òsì fi wú, tó le gbandi, tí ibà sì bá a dé. Dókítà kọ kápúsù fún mi, ó ní kí n lò ó tán, kí n sì máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Mo ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí ìgbẹ́ ọmọ fi rọ̀ díẹ̀.

“Ìyàwó mi,” ìyá ọkọ mi wí, “oògùn yẹn ti wọnú omi ọmú ẹ.”

“Mọ̀ọ́mì, dókítà ní kò séwu.”

“Ṣé dókítà ló tọ́ ọkọ ẹ dàgbà? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Fún un síbí ká yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ìdérí agolo ni wọ́n nà sí mi. Mo fún omi ọmú sí i. Wọ́n ṣa èèrà lójú fèrèsé, wọ́n jù wọ́n sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, omi ọmú dára; bó bá kú, ó ti bàjẹ́. Bí àwọn ìyá tiwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn èèrà náà jà díẹ̀, wọ́n kú. Mo rò pé májèlé ni mo ti ń fún ọmọ mi.

Ọ̀já tí mo rà láti fi pọ̀n ọ́n ni wọ́n fi di àyà mi pinpin kí omi ọmú lè gbẹ. Ọkọ mi ra mílíìkì ọmọ àti fídà bọ̀ láti Apakun. Ọmọ ń ké ní pálọ̀, iwájú aṣọ mi ń tutù. Ọmú mi ń dá a lóhùn, èmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì rí ọ̀já náà lábẹ́ bùbá mi. Mo ṣàlàyé. Ó káwọ́ lérí.

“Ha, Mummy! Èyí tó ń dénú omi ọmú nínú oògùn yẹn ò tó nǹkan. Ìgbẹ́ rírọ̀ yẹn á lọ fúnra ẹ̀. Èèrà kẹ̀? Ẹ jù ú sínú omi lásán kẹ́ ẹ wò ó.”

Mo délé, mo bu omi mímu sínú ìdérí kan náà, mo ju èèrà sí i lójú ìyá ọkọ mi. Ó kú.

Nọ́ọ̀sì ní kí n máa gbé ọmọ sọ́mú lemọ́lemọ́, pé omi rẹ̀ lè padà. Mo gbìyànjú títí ó fi sú mi. Ó ń kán tó tó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi á fẹnu kàn án, á yí ojú kúrò, á bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kan tó ń sunkún bẹ́ẹ̀, ìyá ọkọ mi gbé fídà wá, wọ́n sì kúnlẹ̀ fún mi, àgbàlagbà.

“Ìyàwó mi, má bínú.”

“Ẹ dìde, Mọ̀ọ́mì.”

Mo gba fídà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ mi lanu gba rọ́bà náà, ó dákẹ́. Mo tẹ orí ba kó lè rí ojú mi. Fídà ló ń wò.