Ọjọ́ Tí Wọ́n Kun Afárá Lẹ́fun

Ẹnì kan ló lọ sọ fún àwọn ará abúlé kan pé wọ́n ń bọ̀ wá ya fọ́tò afárá wọn. Ohun tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Àjárá ni mò ń gbé nígbà náà, lẹ́bàá ìlú Àgbádárìgì, nítorí pé iléeṣẹ́ ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní kí n máa mójú tó ọ̀rọ̀ etíkun. Ará Èkìtì ni mí. Odò tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá nílé, ọmọdé lè fò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ kí àna wọn, ó pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sínú rẹ̀ láì di etí rẹ̀ mú.

Ìjọba wá pinnu pé kí wọ́n yẹ gbogbo afárá kéékèèké tó wà lágbègbè wa wò lábẹ́. Dróònù ni wọn yóò fi wò wọ́n, ìyẹn ọkọ̀ òfurufú tí kò tóbi ju ọpọ́n ayò lọ, tí kámẹ́rà wà nímú rẹ̀, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ á sì dúró sí ilẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, èèyàn ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sábẹ́ afárá pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà rí sọ̀rọ̀. Ó ní: "Mo máa ń gbá òpó lóòlù, màá dẹtí. Tó bá dún ko, ó dáa. Tó bá dún bọ̀, mo máa ní kí ọlọ́kọ̀ tètè wà mí kúrò lábẹ́ ẹ̀."

Afárá tí mo fẹ́ kọ ìròyìn nípa rẹ̀ wà ní abúlé kan lọ́nà Kankon, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja. Òun nìkan ló so abúlé náà pọ̀ mọ́ títì márosẹ̀. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti kọ̀, wọn ò gun orí rẹ̀ mọ́. Ìyá tó jẹ́ olórí àwọn ayanja náà ti sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ègùn ni ìyá yìí, Yorùbá rẹ̀ já geere, àfi tí inú bá ń bí i tàbí tí ẹ̀rín bá pa á, nígbà náà ni Ègùn á wọ̀ ọ́.

"Ọ̀kadà ni mo fi ń kó ẹja mi dé títì," ló wí. "Ẹja tí mo yan tó gún régé, tó bá fi máa dé ọjà Morogbo, ó ti di ẹ̀rún. Ta ló fẹ́ fi ẹ̀rún se ọbẹ̀?"

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ó ní tí wọn ò bá tún afárá náà ṣe, òun ò mọ ohun tí òun tún máa yan ẹja fún.

Ẹnjiníà tó ń darí dróònù ti ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún mi lórí fóònù. Ọmọbìnrin ni, láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ẹni tí káàdì rẹ̀ fẹ́ tán. "Afárá tí fọ́tò bá fi hàn pé ó ti sán nìkan ni wọn máa kọ́kọ́ tún ṣe," ló wí. "Èyí tí kò bá hàn nínú fọ́tò di ìgbà mìíràn nìyẹn." Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìgbà mìíràn ń jẹ́ lẹ́nu ìjọba.

Ọkọ̀ rẹ̀ ni a jọ gbé lọ ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ọyẹ́ bo gbogbo etí omi. A sọ̀kalẹ̀, a rìn dé ẹ̀bá afárá, ni àwa méjèèjì bá dúró.

Afárá náà funfun báláú.

Àwọn òpó rẹ̀ funfun láti òkè dé ibi tí omi gbà dé. Igi kọnkéré tó gbé e ró lábẹ́ funfun. Ẹfun náà ò tíì gbẹ, ó ń kán sínú odò tó, tó, tó. Ní apá kejì, àwọn obìnrin abúlé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú aṣọ ọjọ́ ìsinmi wọn, baálẹ̀ dúró láàárín wọn, gbogbo wọn sì kọjú sí òkè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò.

A sọdá lọ bá wọn. Ẹnjiníà kò tilẹ̀ kí wọn. "Kí lẹ ṣe sí i?"

"A wẹ̀ ẹ́ fún yín ni," ìyá ayanja dáhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹfun ti ta sí irun rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ kùn ún?"

"Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ ń bọ̀ wá ya fọ́tò. Ṣé ìwọ máa ń ya fọ́tò láì wẹ̀?"

Ẹnjiníà gbé àpótí dróònù rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lé e. "Màmá, ibi tó sán ni mo wá yà."

"Ó wà lábẹ́ ẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ẹ̀, Màmá. Kámẹ́rà ò mọ̀."

Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn kò ní bá wọn wí. Kò sí ohun tí àlejò máa wò létí omi yẹn tí wọn kì í kọ́kọ́ fi ẹfun kùn. Tí ọdún bá ń parí lọ, tí àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti Kútọnu àti láti Èkó, wọ́n á kun ilé, wọ́n á kun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kun ibojì bàbá wọn. Afárá náà fẹ́ gba àlejò, wọ́n sì ṣe é lóge. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ fún mi pé òun dúró nínú ọkọ̀ fi ọ̀pá gígùn kan kun abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n so èèpo àgbọn mọ́ lórí. "Ọrùn mi ò lè tẹ̀ síwájú mọ́," ló wí. "Òkè nìkan ni mo lè wò."

Ẹnjiníà ní kí òun kàn gbé dróònù sókè ná, bóyá nǹkan á hàn. Dróònù dìde lójú kan náà pẹ̀lú ariwo bí agbọ́n tí wọ́n tọ́, ó yí sábẹ́ afárá. Ọkùnrin kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi lódì kejì fò sókè, ó fa tapólì bo ẹrù rẹ̀.

"Aṣọ́bodè ti gba òkè dé!"

"Fi ara balẹ̀!" baálẹ̀ kígbe sí i. "Afárá ni wọ́n ń wò!"

"Kí ó wò ó kó yí ojú sọ́hùn-ún!"

Mo bi í pé kí ló wà lábẹ́ tapólì. Ó ní ẹja ni. Mo ní ẹja inú àpò ìrẹsì? Ó ní ẹja náà ń sùn ni, kí n má jí i.

Gbogbo wa ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnjiníà gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán hàn án. Òun kò rẹ́rìn-ín. A pagbo yí i ká. Ohun tí a rí ń dán bí ẹyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.

"Tí mo bá fi èyí ránṣẹ́," ló wí, "wọ́n á ní afárá tuntun ni."

"Oklunọ ṣie!" ni ìyá náà wí, bí àwọn Ègùn ṣe ń ké pe Olúwa. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí ẹfun ti gbẹ sí. "Ṣé àwa fúnra wa la fọwọ́ ara wa ti ilẹ̀kùn?"

Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n gbé igbá wá, àwọn máa fọ̀ ọ́. Ẹnjiníà ní kò lè ṣeé ṣe. Wọn kò lè fọ̀ ọ́ tán lọ́jọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni ibòmíràn ni iṣẹ́ ti ń dúró de òun ní ọjọ́ kejì. Síbẹ̀, kò dìde. Ó ní òun á dúró díẹ̀, bóyá oòrùn á gba inú ọyẹ́ yọ, kí òun lè tún un yà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó dára ju ti àárọ̀ lọ. Mo rò pé ojú ìyá náà ni kò jẹ́ kó lè lọ.

Wọ́n gbé gàrí tútù àti ẹja yíyan wá fún wa. Ẹja náà ò tíì gun ọ̀kadà, ó wà lódindi, orí àti ìrù. Oòrùn yọ lóòótọ́, ẹfun bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Ẹnjiníà ń jẹun lọ, ó kọjú sí òpó àkọ́kọ́, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró lẹ́nu.

"Ẹ wò ó," ló wí.

Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Ó nàka sí i. Lára òpó tó ti funfun tó gbẹ, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń lọ láti òkè sísàlẹ̀, bí iṣan lẹ́yìn ọwọ́ arúgbó. Òmíràn yà kúrò lára rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

"Omi ẹfun ti wọ ibi tó sán," ló wí. Ó ti dìde, gàrí rẹ̀ ti dà sílẹ̀. "Ara òpó ti gbẹ, inú ibi tó sán ò tíì gbẹ! Nílé ẹ̀kọ́ wa, a máa ń fi ẹfun kun kọnkéré ká tó gbé ẹrù lé e, ká lè rí ibi tó ń sán. Ó ti kúrò lórí mi pátápátá!"

"Ṣé ó dáa ni àbí kò dáa?" ìyá náà bi í.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè kí ó tó gbẹ tán!"

Bátìrì kan ṣoṣo ló kù tí iná wà nínú rẹ̀. Dróònù wọ abẹ́ afárá. Àwọn ìlà náà ń yọ lójú ẹ̀rọ níkọ̀ọ̀kan, ẹnjiníà ń kà wọ́n sókè bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. Nígbà tó dé àárín, lábẹ́ igi kọnkéré tó gbé ojú ọ̀nà ró, ó dá dróònù dúró. Ìlà tó wà níbẹ̀ la igi náà já, omi ìpẹtà irin sì ń jáde níbẹ̀, ó kun ẹfun bí epo pupa.

Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé bó ṣe burú tó nìyí? Èmi tí mò ń gorí ẹ̀ lójoojúmọ́!"

"Mo ti yà á, Màmá," ẹnjiníà wí. "Pẹ̀lú fọ́tò yìí, kò sí bí wọn ò ṣe ní tún un ṣe."

Ariwo ta. Baálẹ̀ gbọn ọwọ́ mi títí apá fi ń ro mí. Ẹnjiníà dúró kí ariwo náà rọlẹ̀, ó wá sọ èyí tó kù: láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀kadà kankan kò gbọ́dọ̀ gorí afárá mọ́ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ẹsẹ̀ nìkan.

Ìyá náà gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Mo ní kí ẹ wá bá mi tún un ṣe, ẹ wá tì í mọ́ mi lójú?"

"Tí ẹ ò bá kùn ún, mi ò bá tí rí i."

"Ìwọ náà lo ní ká kùn ún o!" obìnrin kan kígbe sí ìyá náà láti ẹ̀yìn.

"Mo ní kó dára ni," ìyá náà fèsì, "mi ò ní kó máa sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀rín pa á fúnra rẹ̀, Ègùn sì wọ̀ ọ́. Ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn kò yé mi, ṣùgbọ́n ó mú kí baálẹ̀ di ikùn rẹ̀ mú.

Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń kó ẹja lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ àtúnṣe afárá náà ń lọ. Ó lọ́ra, owó rẹ̀ sì ga, àmọ́ kì í gbọn ẹja bí ọ̀kadà, díẹ̀ nínú àwọn oníbàárà ìyá náà sì padà wá. Àwọn òṣìṣẹ́ fi jáàkì gbé ojú afárá sókè, wọ́n yọ igi kọnkéré àárín, wọ́n da tuntun. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Àwọn kan láti ọ́fíìsì ìjọba ti dúró sí orí afárá, wọ́n ń tún gbohùngbohùn ṣe, ṣùgbọ́n ìyá náà ti jókòó síwájú nínú ọkọ̀ akẹ́rù, agbọ̀n ẹja kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní kí n wọlé.

"Ṣé a ò ní dúró kí wọ́n sọ̀rọ̀?" dírẹ́bà bi í.

"Kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́yìn wa."

Wọ́n yà fún wa. Ọkọ̀ gorí afárá. Ìyá náà tẹ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mọ́ iwájú ọkọ̀, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò sì mí kanlẹ̀ títí táyà ẹ̀yìn fi tẹ yẹ̀pẹ̀ lódì kejì.

"Ó gbé wa," ló wí. Ó ní kí dírẹ́bà tẹ̀ ẹ́, Morogbo jìnnà.