Lẹ́tà Tí Wọ́n Ní Ó Jẹ́ Aláríyànjiyàn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa sọ sí mi létí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, inú sì ń bí mi títí di òní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé ni, sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi. Ọmọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, ó kàwé, ó sì mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Gbogbo wa la ti ka lẹ́tà yín. Ó dáa, àmọ́ ó ti jẹ́ aláríyànjiyàn jù. Ẹ bá wa rọ̀ ọ́ díẹ̀."

Nítorí ọ̀nà odò ni mo ṣe kọ lẹ́tà náà. Abúlé wa kò jìnnà sí Lakowe, etí ọ̀sà ló wà. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà lọ sétí omi nígbà kan, ẹyọ kan péré ló kù, ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri ẹ́sítéètì méjì. Bí obìnrin méjì tó ru agbọ̀n ẹja bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kan ní láti fara ti ògiri kí èkejì kọjá. Ní báyìí, àwọn ará ẹ́sítéètì fẹ́ fi géètì dí i. Bí wọ́n bá dí i, àwọn obìnrin abúlé tó ń yan ẹja kò ní lè bá apẹja pàdé létí omi mọ́. Àfi kí wọ́n máa wọkọ̀ lọ sí Ajah láti lọ ra ẹja tí wọ́n pa lẹ́yìnkùlé wọn. Ohun tí mo kọ sí àwọn ará ẹ́sítéètì nìyẹn, mo sì kọ́kọ́ fi han ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa bèèrè pé kí ló burú nínú ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ fún yín.

Ilé ìwé ìjọ wa ni mo ti kàwé, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí rẹ̀ títí di òní. Yàrá mẹ́ta ni. Pákó ni ògiri rẹ̀, iyanrìn funfun ni ilẹ̀ rẹ̀. A lè máa kọ̀wé lọ́wọ́ kí akàn yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, kí gbogbo kíláàsì sì fò sókè. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wa: àwọn kan nítorí ìlànà ìjọ, àwọn yòókù nítorí pé wọn kò ní. Ọkùnrin kan ló ń kọ́ wa, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Tíṣà la ń pè é, bí ẹni pé kò sí tíṣà mìíràn láyé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí a bá ti gbálẹ̀ tán, Tíṣà á ní kí ọmọ méjì dìde kí wọ́n jiyàn. Ọ̀kan á ní oko dára ju odò lọ, èkejì á ní odò ló dára jù. Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí n kò rí níbòmíràn rí. Kí o tó fèsì, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ sọ, kí o sọ ọ́ dáadáa bíi pé tìrẹ ni, títí òun fúnra rẹ̀ á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Bí kò bá tíì sọ bẹ́ẹ̀, o kò lẹ́nu àtifèsì.

Ṣíjúadé, ọmọ Tíṣà, ni ọ̀rẹ́ mi. Ó kúrú, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká, kò sì sí ẹni tó lè borí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbèjà ewúrẹ́, mo ní ó gbọ́n ju adìẹ lọ. Ṣíjú tún ọ̀rọ̀ mi sọ, ó sọ ọ́ dùn ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ. Inú mi ń dùn, mo ń mi orí bí àgbà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo wí." Ó wá wò mí, ó ní, "Ewúrẹ́ tó gbọ́n yìí, òun kọ́ ló jẹ ìwé rẹ láàárọ̀ yìí?" Ẹ̀rín pa Tíṣà débi tó fi jókòó sórí iyanrìn.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ni àwọn kan wá láti Èkó, wọ́n fẹ́ ra èbúté wa, níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí, tí ìjọ sì ti ń ṣe ìrìbọmi. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì fún wa. Bàbá Olùṣọ́, tó jẹ́ olórí ìjọ, ti gbà fún wọn. Tíṣà kò gbà. Ó kọ lẹ́tà ojú ìwé méjì, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kà á fún ìjọ lẹ́yìn ìsìn.

Bó ṣe kọ́ wa náà ló ṣe kọ ọ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ló wà níbẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ọ̀nà tuntun, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa, bíi pé tirẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń kà á ni ìjọ ń pariwo "Halelúyà!" Àwa ọmọ ilé ìwé nìkan la mọ̀ pé Tíṣà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Olùṣọ́ gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Ẹ ti gbọ́ fúnra yín. Tíṣà gan-an fọwọ́ sí i."

Tíṣà dìde. "Bàbá, ẹ dákun, ó ku ojú ìwé kejì."

Wọn ò kà á. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láìwo ìwé: ibo ni àwọn apẹja máa gúnlẹ̀ sí, ta ló ti rí ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ta ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ohun tí gbogbo wa jọ ni? Bàbá Olùṣọ́ ní, "Ọ̀rọ̀ aláríyànjiyàn nìyí! Nínú ilé Ọlọ́run?" Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá òótọ́ ni Tíṣà sọ.

Bàbá wá nawọ́ sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òótọ́ ni pé Tíṣà ń kọ́ yín láti máa bá àgbà jiyàn?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó yẹ kí n sọ pé Tíṣà ń kọ́ wa láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Ṣíjú yíjú wò mí.

Wọ́n ní kí Tíṣà bọ́ sùtánà, kó máa jókòó sẹ́yìn. Wọ́n gba ilé ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí oṣù tó parí, òun àti ìdílé rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí òdìkejì ọ̀sà. Mo ti bèèrè Ṣíjú lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti apá ibẹ̀ wá. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ta èbúté. Ṣọ́ọ̀ṣì búlọ́ọ̀kù náà dé ibi fèrèsé, wọ́n pa á tì. Igi ti hù nínú rẹ̀. Ẹ lọ wò ó.

N kò bá ìjọ jà. Inú rẹ̀ ni mo ṣì wà, ibẹ̀ ni màá sì kú sí. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ pé o purọ́. Kò sọ pé o ṣìnà. Kò dáhùn ohunkóhun tí o bèèrè. Ohùn rẹ nìkan ló ń bá wí. Bí ẹni tó nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá kọ ojú ìwé mẹ́wàá láti fi gbèjà géètì rẹ̀, àlàyé ni wọ́n ń pè é. Bí obìnrin tó ń yan ẹja bá bèèrè ibi tó máa gbà kọjá, ó ti di aláríyànjiyàn. Iyanrìn funfun wa ti lọ, akàn ti di àwátì, àwọn ọmọ-ọmọ mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìgúnlẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kò tíì gbó.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe akọ̀wé náà padà. Mo ní, "Ọmọ mi, mú gbólóhùn kan tó jẹ́ irọ́ fún mi nínú lẹ́tà yẹn."

Ó ní, "Kò sí irọ́ níbẹ̀, Màmá. Àwọn ará ẹ́sítéètì ni kò ní fẹ́ràn ẹ̀."

"Ta ló ní kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀? Kí wọ́n dáhùn ni mo wí."

N kò yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Èmi fúnra mi ni mo gbé e dé ọ́fíìsì àwọn ará ẹ́sítéètì, mo sì dúró títí wọ́n fi lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Wọn ò tíì fèsì. Láàárọ̀ yìí, àwọn obìnrin ṣì ń gba ọ̀nà náà kọjá, omi ẹja ń kán sílẹ̀ láti inú agbọ̀n wọn. Bí wọ́n bá dí i, màá tún kọ òmíràn, èyí sì máa le ju ti àkọ́kọ́ lọ.