Ojú tí tísà ń ṣe sí ọmọ mi

Ó ti rẹ̀ mí o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé táàmù yìí, ọmọ mi obìnrin ò dáhùn ìbéèrè mọ́ ní kíláàsì. Ègùn là ń sọ nílé ní erékùṣù Gberefu, ilé ìwé ló ti ń kọ́ Yorùbá. Ó ní tí òun bá ti lanu báyìí, tísà á yínmú.

Èmi àti ọmọ mi wọkọ̀ ojú omi lọ bá tísà náà lónìí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, mo ní ọmọ mi ń bẹ̀rù wọn.

"Èmi kẹ̀? Màmá, mi ò bú u rí o! Mo kàn máa ń ní kó tún un sọ ni."

Mo ní, "Ẹ ò bú u, mà. Ojú yín ló ń bà á lẹ́rù."

Ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀, tí ohùn Ègùn ń yọ lẹ́nu mi, ni wọ́n ti yínmú sí èmi náà, ètè yọ síwájú. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe é.

Ọmọ mi fa aṣọ mi. "Mọ́mì, ojú yẹn nìyẹn."

Èmi àgbà, mo dákẹ́ bí ọmọ mi ṣe máa ń dákẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, kí ni ǹ bá sọ? Kíláàsì yẹn náà ló tún ń lọ lọ́la.