Àgọ́ Tí Wọ́n Háyà fún Òkú Kaldarbek

Ohun tí Bubusara ń wá láti àárọ̀ ni ẹkún, kò sì rí i. Ọkọ rẹ̀, Kaldarbek, wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé nínú àgọ́, wọ́n ti bò ó lójú. Bubusara àti àwọn obìnrin ẹbí wọ dúdú, wọ́n kọjú sí ara àgọ́. Bí àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ wá bá wọn kẹ́dùn bá ti figbe ta lójú ọ̀nà, ìyàwó òkú ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé orin arò. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe fún bàbá rẹ̀. Ẹnu Bubusara gbẹ bíi koríko tí yìnyín pa.

Inú àgọ́ ni àṣà wọn ní kí wọ́n tẹ́ òkú sí, ṣùgbọ́n àgọ́ yìí kì í ṣe tiwọn. Ọwọ́ àwọn tó ń gba àlejò òyìnbó sílé létí adágún ni wọ́n ti háyà rẹ̀. Ọṣẹ ló ń rùn, òórùn àgùntàn ti kúrò lára rẹ̀. Tiwọn, èyí tí òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ da omi gbígbóná sí irun àgùntàn tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí tó fi ki bí aṣọ, Bubusara ti tà á lọ́dún tí ilé bíríkì wọn parí. Sayrakan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, bi í nígbà náà pé ṣé orí àtẹ̀gùn ni wọn yóò máa tẹ́ òkú ilé wọn sí. Bubusara rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ronú òkú nígbà tí orí ń ṣe rere?

Orí wọn sì ṣe rere lóòótọ́. Ẹṣin aláwọ̀ eérú kan tí abo ẹṣin wọn bí ló gba ipò kìíní níbi eré ńlá, olówó kan rà á, láti ìgbà náà gbogbo ọmọ ẹṣin tí Kaldarbek bá fọwọ́ kàn ló ń di owó. Wọ́n kọ́lé alájà. Ilẹ̀ ilé náà ń móoru fúnra rẹ̀. Kaldarbek ń sùn nísàlẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n, Bubusara ń sùn lókè. Kò sí ìjà láàárín wọn, àyè ló pọ̀. Orí àga nísàlẹ̀ ló kú sí. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó mọ̀.

Nígbà tí Nurzat, ọmọ wọn obìnrin, rí i pé ohùn ìyá òun kò jáde, ó ránṣẹ́ pe Toktokan tó máa ń gbowó sunkún òkú. Ohùn Toktokan dùn. Ó ki ẹṣin, ó ki ilé alájà, ó ki mọ́tò. Àwọn obìnrin ń nu imú. Bubusara ń gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń ki ọkọ ọlọ́kọ fún.

Sayrakan sún mọ́ ọn. "Ìyàwó wa, ará ìta ló ń bá ọ sunkún ọkọ."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ lò nínú ilé yẹn, ẹ ò tiẹ̀ gbádùn ẹ̀ ni?"

Bubusara rò ó dáadáa, nítorí kò fẹ́ purọ́ níwájú òkú. "Ó móoru."

"Ṣé mo ní òtútù ń mú mi ni?"

"Ohun tí mo rí sọ nìyẹn. Èyí tí mo rántí, kò lẹ́kún nínú."

"Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin mìíràn ti ń ké bọ̀ níta pé òkè táwọn fara tì ti wó. Bubusara gbé ọwọ́ lé orúnkún Toktokan, ìyẹn sì dákẹ́.

"Kaldarbek, ìjì fẹ́ gbé àgọ́ wa lọ, o ní kí n bá ẹ di okùn òrùlé mú. Mo dì í mú. Ò ń bú mi pé ọwọ́ mi rọ̀ bíi wàrà, mò ń bú ẹ pé àgùntàn wúwo jù ẹ́ lọ. A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi mọ́. Nínú ilé wa, afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́."

Bí ẹni tó ń júwe ibi tí àáké wà fún aládùúgbò ló ṣe sọ ọ́. Omijé kan kò bọ́. Sayrakan gba gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, ó fi ohùn arò sí i, àwọn yòókù sì gbè é.

Nurzat rọra béèrè bóyá wọn yóò ṣì san owó Toktokan.

"San án," ni Sayrakan wí. "Ó kúkú ki ilé yín."

Ariwo àwọn mìíràn tún ti bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bubusara kọjú sí ara àgọ́, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn kan náà, Kaldarbek, ìjì fẹ́ gbé àgọ́ wa lọ.