Àwọn Ìwé tí Màmá Tíṣà Ń Kọ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Ẹ má bínú o, èmi kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Nígbà tí Màmá Tíṣà kó dé ilé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, agbéraga ni mo pè wọ́n. Wọn kì í jókòó síta. Bí a bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Ará Èkìtì ni wọ́n, tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ọkọ wọn sì ti kú. Gbogbo obìnrin inú ilé wa là ń fi orúkọ ọmọ pè: èmi ni Ìyá Fàdìlàt, ẹni tó kọjú sí mi ni Ìyá Testimony. Ti Màmá Tíṣà nìkan ni kò ní orúkọ ọmọ nínú. Ó tó ọdún kan tí a ti jọ ń gbé kí n tó mọ̀ pé wọ́n bímọ rárá.

Ọ̀rọ̀ ìwé Fàdìlàt ló fà á. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìtàn tó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ padà láìyọ nǹkan kan kúrò. Àfi bí èsì ìdánwò ṣe dé, tí wọ́n ní kó tún kíláàsì kan náà ṣe. Inú bí mi. Mo fa pankẹ́rẹ́ yọ, mo ń nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi nígbà tí Màmá Tíṣà ṣílẹ̀kùn.

"Ìyá Fàdìlàt, gbé igi yẹn sílẹ̀. Jẹ́ kó wá kàwé fún mi."

Mo ní wọ́n fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Fàdìlàt ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kà á geerege, kò kọsẹ̀ níbì kankan.

"Ṣé ẹ rí i? Ọ̀lẹ lásán ni, jàre."

Màmá sún mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú ewé náà. Ọmọ dákẹ́. Wọ́n fi ìka sí òmíràn. Ó tún dákẹ́. Ojú ewé tó ṣí gan-an kọ́ ló kà. Èyí tí tíṣà wọn máa ń pè lójoojúmọ́, tí gbogbo kíláàsì ń gbè, ló ti há sórí. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn ṣá: tíṣà á pè, àwọn ọmọ á gbè. Ta ló máa mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín wọn tí kò ka nǹkan kan?

Mo rò pé Màmá máa bú u ni. Ẹkún ni wọ́n bú sí.

"Bí Akínbọ́lá ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyí," ni wọ́n wí.

Akínbọ́lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Inú kíláàsì tí Màmá fúnra wọn ń kọ́ ló wà ní praimárì kẹta, kò sì lè kàwé. Ọmọ tíṣà! Wọ́n rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dójú ti àwọn ni. Wọ́n á gbé e gun orí tábìlì, wọ́n á fi ìwé lé e lọ́wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kàdúná, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fẹ̀yìn tì ni ẹnì kan wá ṣàlàyé fún àwọn tíṣà pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, dìsílẹ́ksíà ni wọ́n ń pe ìṣòro náà. Ọpọlọ wọn pé, dída lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró ló ṣòro fún wọn, bí a bá sì tètè mọ̀, tí a kọ́ wọn bó ṣe yẹ, wọ́n á kàwé. Màmá ní àwọn ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo fi pankẹ́rẹ́ yẹn dáná. Láti ọjọ́ kejì, bí Fàdìlàt bá ti dé láti ilé ìwé, Màmá á tú gaàrí sínú tíréè, ọmọ á máa fi ìka kọ lẹ́tà sínú rẹ̀, á sì máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ogún ìṣẹ́jú péré. Wọ́n bá mi lọ sọ́dọ̀ tíṣà rẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jẹ́ kí Fàdìlàt fi ẹnu dáhùn ìbéèrè. Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó ka ìlà kan tí kò há sórí. Lọ́jọ́ náà, mo jó. Màmá rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá jókòó, wọ́n ń wo ògiri.

Mo bi wọ́n pé Akínbọ́lá ńkọ́. Wọ́n mú fóònù wọn wá. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọ̀wé gígùn sí i lórí Wáàsáàpù. Tíṣà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, wọn kì í lè fi ẹnu sọ ọ́. Bí wọ́n bá pè é, wọ́n á kí ara wọn, àwọn méjèèjì á wá dákẹ́. Nínú ìwé ni wọ́n ti ń tọrọ àforíjì. Ó di ọdún méjì, kò fèsì.

"Àmì yẹn ti di búlúù, ó ti kà á," ni wọ́n wí. "Kò fẹ́ dárí jì mí ni."

"Màmá, ẹ má bínú o. Ọmọ tí ẹ ní ìwé kíkà ni ín lára, ìwé lẹ tún ń fi bẹ̀ ẹ́? Ta ló ń kà á fún un?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n na fóònù náà sí mi. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo kábàámọ̀ ẹnu mi. Mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi ohùn ránṣẹ́ hàn wọ́n.

"Akínbọ́lá, èmi ni. Má ka nǹkan kan. Màmi rẹ ló ní kí o má bínú. Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi nígbà yẹn." Ọwọ́ wọn yẹ̀, ohùn náà sì lọ.

Ọjọ́ méjì, kò sí nǹkan. Wọn ò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní ohùn kan ti dé, àwọn ò lè dá tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

"Màmi, mi ò pa ìkankan rẹ́ nínú àwọn ìwé yín. Ojú ń tì mí láti gbé e fún ẹlòmíràn kó kà á. Ẹ kà wọ́n fún mi."

Màmá wá gíláàsì ojú wọn, wọ́n padà sí ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n tẹ ibi ohùn yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti orí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Mo fa ilẹ̀kùn dé, mo padà sídìí máṣíìnì mi. Omijé ò jẹ́ kí n rí ojú abẹ́rẹ́.